Nígbà tí Mo Ṣe Ìwádìí Lórí Kíláàsì Ara Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi gan-an ni mo jìn sí kòtò nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣeé ṣe kí ẹ di olùkọ́ lọ́la.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ èdè Yorùbá báyìí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí, èdè Ọ̀yọ́ ni mo bá lẹ́nu ìyá mi. Nígbà tí ìjọba gbà mí síṣẹ́, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n gbé mi lọ, wọ́n sì fi kíláàsì kẹta lé mi lọ́wọ́. Ọmọ 41 ló wà níbẹ̀ ní ọdún 2001 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a máa ń ṣe àpèkọ. Màá pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, àwọn ọmọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì yẹ ìwé wọn wò lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí n ó pè ní Àdùkẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí mo bá pe “iṣu”, yóò kọ “uṣu”. Bí mo bá pe “igi”, yóò kọ “ugi”. Mo pe “ilé”, ó kọ “ulé”. Mo ní ọmọ yìí kì í fetí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra ni mo fi pàṣán nà án lọ́wọ́ nítorí àṣìṣe kan náà. Ní ọjọ́ Ẹtì kẹrin, kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ìyá rẹ̀ àgbà ló mú un wá ní ọjọ́ Ajé. Ìyá náà kò pariwo, kò sì bú mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, èmi tí mo lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wá ní: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ mi ṣẹ̀ yín? Bí a ti ń pè é nílé wa ló kọ sílẹ̀.”

Mo sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ ní tirẹ̀.

Ní àsìkò yẹn, mo ń lọ sí yunifásítì ní àkókò ìsinmi láti gba oyè nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó parí ẹ̀kọ́ náà kù mí kù. Mo gbé àkòrí mi tọ olùkọ́ mi lọ: mo fẹ́ kọ̀wé lórí ìwà ọ̀lẹ àwọn ọmọ nínú àpèkọ. Bàbá náà wò mí, ó béèrè pé: “Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n? Ẹ̀rí wo lo ní?” N kò ní ẹ̀rí kankan. Ó ní kí n padà sí kíláàsì mi, kí n ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi kí n tó fi ẹ̀sùn kan ọmọ ẹnikẹ́ni.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní action research. Èmi máa ń pè é ní ìwádìí inú kíláàsì. Kì í ṣe ohun tuntun. Kurt Lewin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1933 nígbà tí Hitler gorí oyè, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1946. Ohun tó ń sọ ni pé kí á gbé ìgbésẹ̀, kí á wo ohun tó yọrí sí, kí á fi ohun tí a rí tún ìgbésẹ̀ tó kàn ṣe. Ní ọdún 1953, Stephen Corey, ẹni tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia, tẹ ìwé kan jáde tó mú èrò náà wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1975, Lawrence Stenhouse ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹnu mọ́ ọn pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kó jẹ́ olùwádìí nínú kíláàsì rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìwádìí yìí sí èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti yunifásítì wá ṣe ni pé ẹni tó ní ìṣòro náà ló ń wá ojútùú rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo sì pe àwọn òbí, mo ṣàlàyé fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo kó ìwé àpèkọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jọ. Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ ni mo pè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ọmọ 41 ló kọ ọ́, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,230. Mo jókòó ti àtùpà, mo pín àwọn àṣìṣe sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kọ jẹ́ 512. Nínú rẹ̀, àmì ohùn ló fa 203. Fáwẹ̀lì “u” tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fa 187. Àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà fa 74. 48 tó kù jẹ́ oríṣiríṣi.

Iye 187 yẹn ló mú mi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mọ́kànlá péré nínú ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ náà ni fáwẹ̀lì “i” bẹ̀rẹ̀ wọn, orí wọn nìkan sì ni gbogbo àṣìṣe yìí dá lé. Kì í ṣe Àdùkẹ́ nìkan ló ń ṣe é. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í yí i padà láti tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀lẹ kì í ṣe àṣìṣe lọ́nà tó gún báyìí. Òfin kan ni àwọn ọmọ náà ń tẹ̀ lé. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì “u” kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, bí ó ti rí ní Èkìtì náà, ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ti kọ́ èyí nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, mo sì ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Mo wá dé inú kíláàsì tán, mo gbàgbé, mo fi pàṣán nà án.

Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ti sọ fún mi ní gbólóhùn kan ohun tí mo fi òru mẹ́rin kà jáde.

Ìgbésẹ̀ tí mo gbé kò le. Mo gbé pàṣán kúrò nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́rú, mo fa ìlà sí àárín pátákó. Mo kọ “Nílé wa” sí ọ̀tún, mo kọ “Nínú ìwé” sí òsì. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀: uṣu, iṣu, ulé, ilé, ugbá, igbá. N kò pe ọ̀kan ní dáradára kí n pe èkejì ní búburú. Mo ní ọ̀kan wà fún ẹnu, ọ̀kan wà fún ìwé tí ará Ìbàdàn, ará Ẹ̀gbá àti ará Oǹdó yóò jọ kà.

Olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin bá mi jókòó sẹ́yìn ní ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan láti kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ohun tó kọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn mí. Ó ní mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọkùnrin kan pe “ugbá”, àti pé àwọn ọmọ ìlà iwájú nìkan ni mò ń pè dáhùn. N kò mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí olùwádìí inú kíláàsì fi nílò ojú ẹlòmíràn. Ojú ẹni kì í rí ìpàkọ́ ẹni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo tún pe ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́kànlá nínú wọn ní “i” níwájú. Àṣìṣe “u” sọ̀ kalẹ̀ láti 187 sí 39. Àmì ohùn ńkọ́? Láti 203, 196 ni ó dé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira rárá. N ò bá ti gbàgbé apá yìí nínú ìròyìn mi bí kì í bá ṣe pé olùkọ́ mi béèrè rẹ̀. Ìwádìí tó ń ròyìn èyí tó yọrí sí rere nìkan kì í ṣe ìwádìí, ìpolówó ọjà ni.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì lórí àmì ohùn nìkan. Mo mú dò, re, mí, mo sì fi ọwọ́ kún un: ọwọ́ nílẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, ọwọ́ ní àyà fún ohùn àárín, ọwọ́ lókè fún ohùn òkè. A ń fi ọwọ́ ka ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Nígbà tí sáà náà parí, 203 ìbẹ̀rẹ̀ ti di 121. Síbẹ̀, n kò lè búra pé ọwọ́ wa nìkan ló ṣe é. N kò ní kíláàsì mìíràn tí mo lè fi wé e, àwọn ọmọ náà sì ti dàgbà sí i. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kan, sí ọmọ 41. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó mi í tún iṣẹ́ mi ṣe.

Láàárín gbogbo rẹ̀, Àdùkẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan. Ó ní: “Tíṣà, kí ló dé tó jẹ́ pé tiyín nìkan ló wọnú ìwé?”

Mo sọ fún un nípa Àjàyí Crowther, ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, àti bí èdè tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ ṣe di èyí tí gbogbo wa ń kọ. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn náà kò tó. Èmi náà gbà pé kò tó. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbé ìbéèrè yẹn síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdọọdún. Ẹ̀ka-èdè kì í ṣe Yorùbá tó bàjẹ́.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Iṣẹ́ náà fi hàn pé èdè tí ọmọ gbé wá láti ilé kì í ṣe ẹrù tó yẹ kó sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Tèmi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó kọ́ mi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de owó ìjọba. Ẹ mú ìbéèrè kékeré kan. Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ tó wà lórí tábìlì yín tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì máa wò yín, ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí. Ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ pa mọ́.

Kí ọdún náà tó parí, mo lọ sílé Àdùkẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbàgbé. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, ó ní kí ọmọ náà gbé iṣu mẹ́ta fún mi. Àdùkẹ́ gbé e dé, ó wojú mi, ó ní: “Tíṣà, ẹ gba uṣu.”

Mo ní: “O ṣeun, ọmọ mi. Uṣu yìí mà tóbi o.”