Ohun tí kíláàsì kò lè fún wa

Ọ̀rọ̀ The Horn ló wà lọ́kàn mi láti àárọ̀. Lọ́dún 1958, J.P. Clark, tó ṣì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, dá ìwé ìròyìn yẹn sílẹ̀ fún ewì. Olùkọ́ rẹ̀, Martin Banham, gba òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló ṣiṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí máàkì. Ewì Wọlé Ṣóyínká wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lálàá Nobel 1986. Ṣáájú wọn, Chinua Achebe ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn University Herald nínú ọgbà kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì lónìí, ó ń dùn mí bí ọ̀pọ̀ yín ṣe gbà pé ìdánwò ti tó. Ẹ dá ìwé ìròyìn tiyín sílẹ̀; ẹni mẹ́rin àti fóònù kan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ bọ́ sórí ìtàgé. Ẹ máa ka iṣẹ́ yín sétí ara yín, kí ọ̀rẹ́ sọ ibi tí gbólóhùn ti wọ́.

Èyí tó wù mí jù ni ìtumọ̀. Ẹ gbọ́ Yorùbá látilé, ẹ sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ta ló tún yẹ kó túmọ̀ àwọn àlọ́ tí ìyá àgbà yín mọ̀? Mo mọ̀ pé owó kò sí, pé ìyanṣẹ́lódì máa ń da gbogbo nǹkan rú. Síbẹ̀, ẹ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ nígbà ìsinmi, nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé.