Ewúro Etí Odò Wouri

Ewúro tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ará Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, fi ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ndolé. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn obìnrin Èkìtì ṣe ń fi iyọ̀ fọ ewúro, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ tí ó ń hó bí ọṣẹ nù, tí wọ́n tún ń bu òmíràn, ti mọ ìdajì iṣẹ́ tí ó wà nínú ndolé. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀pà. Ẹ̀pà tútù ni, kì í ṣe èyí tí a yan: a ó bọ̀ ọ́, a ó bó o, a ó sì lọ̀ ọ́ kúnná títí yóò fi funfun bí ògì. Edé, àlùbọ́sà, ẹran tàbí òkúpọrọ́kọ́ yóò tẹ̀ lé e. Miondo ni wọ́n sábà fi ń jẹ ẹ́: gbágùúdá tí a rẹ títí ó fi kan, tí a lọ̀, tí a wé sínú ewé ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì sè.

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn tí ń jẹ ewúro, yálà ní Adó-Èkìtì tàbí ní Douala, tí kò tíì tán: báwo ni ó ṣe yẹ kí ó korò tó? Àwọn kan a máa fi káún sè é kí ìkorò rẹ̀ lè tètè jáde. Àwọn mìíràn ní àfi kí ọwọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fọ ewúro títí tí kò fi korò rárá mọ́, ó yẹ kí a bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ewúro ṣe, nígbà tí tẹ̀tẹ̀ wà lọ́jà.

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn, olùkọ́ èdè Faransé tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó máa ń fi orúkọ ilé oúnjẹ kan ṣoṣo yanjú àríyànjiyàn yìí. Etí odò Wouri ni ilé oúnjẹ náà wà ní Douala, níbi tí iṣẹ́ máa ń gbé e lọ lọ́dọọdún nígbà kan. Ìyá àgbà kan, ọmọ Duala, ni ó ni ín. Òrùlé páànù ni, àga onípákó, ilẹ̀ oníyanrìn. Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ lè máa wo Òkè Kamẹrúùnù lókèèrè, kí ó sì máa tú ewé ara miondo rẹ̀. Ọkùnrin náà máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìkorò ndolé ibẹ̀ kì í yọjú àfi lẹ́yìn tí a bá ti gbé òkèlè mì, díẹ̀ báyìí, kí ó tó di adùn. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè kà á lórí.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ó ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn kí òun àti ọmọ yìí tó jọ lọ. Afárá kan ni ó fi sílẹ̀ lórí Wouri. Èkejì, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé oúnjẹ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Orúkọ tí ó wà lára pátákó ìta kò yí padà, àfi pé iná mànàmáná ti yí i ká. Dígí ti gba ipò afẹ́fẹ́ odò, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, iye owó oúnjẹ sì ti di ìlọ́po méjì. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó pa èyí náà, ṣùgbọ́n ara ògiri ni ó lọ.

Ndolé dé, ó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, nítorí ẹ̀pà yíyan ni wọ́n fi sè é, adùn ẹ̀pà náà sì bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ewúro inú rẹ̀ kò ní ìtọ́wò kankan. Miondo tutù, ó sì le. Ti edé ni ó ṣòro láti gbójú fò. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Pọtogí dé ẹnu odò yìí ní nǹkan bí ọdún 1472, edé tí wọ́n rí níbẹ̀ pọ̀ débi pé Rio dos Camarões, odò edé, ni wọ́n sọ ọ́; ibẹ̀ ni orúkọ Kamẹrúùnù ti wá. Edé tí wọ́n gbé wá sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà, inú páálí tí ó ti òkè òkun wá ni wọ́n ti yọ ọ́, yìnyín kò sì tíì tán láàrin rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà jẹ òkèlè mẹ́ta. "Ó dùn, Bàbá mi," ni ó wí.

Ohùn tí ọmọ Yorùbá tí a kọ́ fi ń yin oúnjẹ olóúnjẹ ni. Bàbá rẹ̀ mọ ohùn náà, òun ni ó kọ́ ọ.

"Òun kọ́ nìyí," ni bàbá dáhùn.

"Kí wá ni orúkọ èyí, sà?"

Ó wo ìwé oúnjẹ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ndolé ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà.

Agbáwo kan ṣẹ́kù nínú àwọn ti àtijọ́, òun ni ó sì ṣàlàyé nígbà tí ó wá kó abọ́. "Papa," ni ó wí, "àwọn àlejò kò fẹ́ kí ó korò." Ìyá àgbà ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ta ibẹ̀ nígbà tí eékún kò jẹ́ kí ó lè dúró nídìí iná mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Paris kò sì fẹ́ wá jókòó tì í. Ẹni tí ó rà á dá àwọn obìnrin mẹ́ta tí ń fọ ewúro dúró, ó ń ra èyí tí a ti fọ̀ tí a sì ti fún ní ìṣù ìṣù lọ́jà. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí ọbẹ̀ wọn dára ní Douala ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí omi dúró, ìyẹn kò sì sí nínú ohun tí a kọ sínú ìwé ọjà títà. Kí a sì sọ òtítọ́: ilé náà kún lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ní tábìlì kejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ tán.

Etí omi Douala kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884 ni àwọn ọba Bell àti Akwa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì. Ní ọdún 1910, ìjọba Jámánì gbèrò láti kó àwọn Duala kúrò létí odò kí àwọn òyìnbó nìkan lè máa gbé ibẹ̀. Rudolf Duala Manga Bell kọ̀, ó fi àdéhùn 1884 jà wọ́n níyà, wọ́n sì so ó kọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Kò yẹ kí a fi àwo ọbẹ̀ wé ọrùn ènìyàn, a kò sì fi wé e. Orúkọ ni ó fa ọ̀rọ̀ náà wá síhìn-ín. Àwọn tí wọ́n lé kúrò létí odò gbé orúkọ wọn dání lọ sínú ìlú, ó sì wà níbẹ̀ di òní olónìí lára àdúgbò New Bell. Ní ilé oúnjẹ yìí, àwọn ènìyàn ni ó lọ, orúkọ ni ó jókòó.

Àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù mọ nǹkan tí ó jọ èyí. Nígbà tí iṣu ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ni wọ́n ń rò, iyán ni wọ́n sì ń pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó yí àwo náà ká ni ó mọ ohun tí kò sí níbẹ̀; àwàdà ni orúkọ náà láàrin wọn, àárò ilé sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ọjọ́ ìbí ní tábìlì kejì kò ní ohun tí wọn yóò fi wé e. Bí wọ́n bá sọ fún àwọn ọmọ wọn pé àwọn ti jẹ ndolé létí Wouri, wọn kò purọ́.

Agbáwo náà sọ fún wọn pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta náà ń ta oúnjẹ ní Youpwé, nítòsí ibi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n wá a lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹja ni ó ń yan. Ewúro wà nínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi kẹta ni ó wà, ó ní ó ṣì ku méjì, àti pé ọ̀sán ọ̀la ni ọbẹ̀ yóò tó jinná. Òwúrọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ òfuurufú wọn yóò gbéra. Wọ́n ra ẹja méjì pẹ̀lú miondo gbígbóná, ọmọbìnrin náà sì jókòó ti agbada náà, ó ń bi obìnrin náà léèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé ó tó.