Alẹ́ kan létí adágún Bali

Ní Houinmè, òru kì í ṣú tán. Bí iná ìjọba bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìpè àdúrà bá parí, zémìjáàn a gba ojú títì. Ọmọ tí a bí sí Àjàṣẹ́ lè pé ogún ọdún kí ó má tíì mọ ohun tí òkùnkùn jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, àríwá ni ibi tí yóò wá a lọ: inú igbó Pendjari, létí adágún tí wọ́n ń pè ní Bali.

Ìrìn náà tó 600 kìlómítà. A ó gba Bohicon, Ìdáṣà àti Savalou kọjá, a ó dé Djougou, lẹ́yìn náà ni àwọn òkè Atacora yóò yọ. Ní Tanguiéta ni a ti ń ra omi àti oúnjẹ, nítorí nínú igbó, ohun tí a bá gbé lọ nìkan ni a óò rí lò. Láti ọdún 1961 ni Pendjari ti di igbó ààbò ti orílẹ̀-èdè. Ní 2017, UNESCO kà á mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé, pẹ̀lú igbó W àti Arly tí ó bá a pààlà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pàgọ́ sí ibẹ̀. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ omi, tẹlifóònù sì dákẹ́. Òfin afinimọ̀nà kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má dáná sí ẹ̀bá koríko gbígbẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ omi lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nítorí òru ni erinmi ń jáde wá jẹko. Ọmọ ọdẹ ni ọkùnrin náà. Igbó tí àwọn baba rẹ̀ ń dẹ ni òun ń ṣọ́.

Lórí àtẹ̀gùn onígi tí a ti ń wo ẹran ni a wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà, etí ni ó ń ṣe iṣẹ́ ojú. Erinmi mí fìn-ìn nínú omi, bí àgbà tí ó sọ ẹrù kalẹ̀. Kìnìún ké ní ọ̀ọ́kán. Ohùn rẹ̀ lè rìn tó kìlómítà 8. Nínú àwọn àlọ́ wa, igbó ni ilé iwin, ọdẹ nìkan ni í sùn níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìdí rẹ̀ yé mi: ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ó ń gbọ́, iwin ni yóò pè é.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí àwọn àlejò ará Faransé méjì gbé nínú igbó yìí, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn, ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n tún kọ lu àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó W. Láti ìgbà náà, àlejò ti dín kù gidigidi. Àwọn ará Tanguiéta àti Batia tí ń fi ọ̀nà hàn, tí ń wa ọkọ̀, tí ń se oúnjẹ tà, ni ó kọ́kọ́ kàn.

N kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì mi, Pendjari ti ń di orúkọ ìròyìn burúkú lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé omi wà níbẹ̀, pé erinmi ṣì ń jáde lóru, àti pé ilé àwọn ará wa ni.