Níbi Tí Àgùnfọn Ti Ń Bá Àgbẹ̀ Gbé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́kọ́ rí àgùnfọn nínú ìwé aláwòrán ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A rí ọrùn rẹ̀ gígùn àti ara rẹ̀ tó tó tótó, a sì gbà pé ilẹ̀ Kenya tàbí South Africa nìkan lèèyàn ti lè fojú kan án. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Àgùnfọn kan wà tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa gan-an. Irú rẹ̀ kò sì sí nínú igbó ibòmíì láyé mọ́, àfi ní orílẹ̀-èdè Niger, pàápàá ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí Niamey tó jẹ́ olú ìlú ibẹ̀.

Ohun tó yẹ kó gba àfiyèsí ọmọ Nàìjíríà nìyí. Lọ́dún 1898, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Oldfield Thomas kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àgùnfọn yìí fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹran tó fi ṣe àpèjúwe náà kò ti Niger wá rárá. Ìtòsí Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti rí i, níbi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé. Lónìí, kò sí agbo wọn kankan nígbó Nàìjíríà mọ́. Báwo wá ni Niger, tí aṣálẹ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, ṣe rí tirẹ̀ pa mọ́? Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó.

ÌLÚ TÓ WÀ LÉTÍ ODÒ ỌYA

Ẹ má ṣi orílẹ̀-èdè Niger mú fún Ìpínlẹ̀ Niger tiwa tí Minna jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Odò kan náà ló fún àwọn méjèèjì lórúkọ, òun sì ni Yorùbá ń pè ní Odò Ọya. Omi tó ń gba abẹ́ afárá Kennedy kọjá ní Niamey yóò ṣàn wọ Nàìjíríà, yóò gba Jẹ́bà kọjá, yóò dé Lọ́kọ́ja, kó tó bọ́ sínú òkun. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, àmọ́ Zarma àti Haúsá lẹ ó máa gbọ́ lọ́jà. Ẹni tó bá gbọ́ Haúsá díẹ̀ kò ní sọnù. Ẹ ó sì rí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀.

Ibi tó dáa láti kọ́kọ́ mú àwọn ọmọdé lọ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà láàárín ìlú, Musée National Boubou Hama. Ọdún 1959 ni wọ́n ṣí i. Boubou Hama tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é jẹ́ òǹkọ̀wé àti olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Niger nígbà ayé rẹ̀. Inú ọgbà kan náà ni iṣẹ́ ọwọ́, egungun àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n hú jáde láti abẹ́ iyanrìn, àti àwọn ẹranko ààyè wà. Ẹranko inú àgò ni wọ́n o, àwọn àgò náà kò sì tóbi. Wọ́n kò lè fi bí ẹranko ṣe ń gbé nígbó hàn yín, ṣùgbọ́n ọmọdé tí kò tíì rí kìnnìún rí yóò mọ ohun tó ń jẹ́ kìnnìún.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìwo igi Ténéré. Wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe, àmọ́ igi yìí gbìyànjú. Akasíà ni, òun nìkan ló sì dá dúró láàárín aṣálẹ̀ Ténéré. Kò sí igi mìíràn lágbègbè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́rù oníràkúnmí fi ń lò ó bí àmì ọ̀nà. Lọ́dún 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lù ú, ó sì wó lulẹ̀. Wọ́n gbé òkú igi náà wá sí Niamey, ibẹ̀ ló wà títí di òní.

ERINMI NÍNÚ ODÒ

Lórí odò náà gan-an, ẹ lè háyà ọkọ̀ ojú omi tọwọ́ tẹlẹ́sẹ̀ awakọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Lékeléke á máa fò padà sí ibùsùn wọn, àwọn apẹja á máa kó àwọ̀n wọn. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù náà máa ń wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n erinmi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá. Wọ́n ṣì wà nínú Odò Ọya, lókè Niamey àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlú Ayorou, tó wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá, lókìkí fún wọn tẹ́lẹ̀. Etí méjì àti ojú méjì lẹ ó kọ́kọ́ rí lójú omi, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó ń kùn bí ẹ̀rọ tó fẹ́ kú. Koríko ni erinmi ń jẹ, kì í jẹ ẹran. Síbẹ̀ ó ń pa èèyàn, nítorí kì í fẹ́ kí ohunkóhun wà láàárín òun àti omi, kì í sì í fẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ ọmọ òun. Bó bá di alẹ́, ó máa ń gòkè wá jẹ ìrẹsì tí àwọn àgbẹ̀ gbìn sétí odò. Nítorí náà, bí awakọ̀ ọkọ̀ bá ní ká má sún mọ́ ọn ju báyìí lọ, ẹ má ṣe bá a jiyàn nítorí fọ́tò.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdé ni ẹ wà níbẹ̀, ọjọ́ ọjà ni ní Boubon, abúlé àwọn amọ̀kòkò tó wà létí odò náà, kò sì jìnnà sí Niamey.

KOURÉ: KÒ SÓDI, KÒ SÍ WÁYÀ

Ó wá ku ohun tó gbé wa wá. Títì tó lọ sí Dosso lẹ ó gbà. Kí wákàtí kan tó pé, ẹ ti dé Kouré. Ẹ kò ní rí ọgbà, ẹ kò sì ní rí wáyà tí wọ́n fi sé ẹranko mọ́. Ohun tó wà níwájú yín ni oko jéró, oko ẹ̀wà, abà onípákó, àwọn ọmọ Fúlàní tó ń da màlúù, àti igi ẹlẹ́gùn-ún káàkiri. Ọmọ abúlé ni afinimọ̀nà yín. Ipasẹ̀ ló ń wò, ó sì máa ń béèrè lọ́wọ́ darandaran tàbí obìnrin tó ń pọnmi lọ pé ibo ni wọ́n gbà lónìí. Lójijì, ohun tí ẹ rò pé igi gíga ni yóò yí orí padà, yóò sì máa wò yín.

Àgùnfọn Niger funfun díẹ̀ ju ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ. Àmì ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé ilẹ̀ sì funfun láìní àmì kankan. Akọ rẹ̀ lè ga tó mítà 5. Oṣù 15 ni abo fi ń lóyún. Ìdúró ló ń bímọ, ọmọ náà á já bọ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló sì máa dìde rìn. Kò sí kìnnìún mọ́ ní Kouré, ìdí nìyẹn tí ara fi rọ̀ wọ́n. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn afinimọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n sá.

Nígbà òjò, orí òkè pẹrẹsẹ tó yí Kouré ká ni wọ́n máa ń wà. Ìlà-ìlà ni igbó ibẹ̀ rí: ìlà igbó kan, ìlà ilẹ̀ gbalasa kan. Nígbà ẹ̀rùn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Dallol Bosso. Igi kan wà níbẹ̀ tí Haúsá ń pè ní gawo. Nígbà tí ewé gbogbo igi bá ti rẹ̀ dànù, ewé tirẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀. Òun ló ń gbé ẹ̀mí wọn ró.

ÈYÍ TÓ KÙ KÒ TÓ 50

Nígbà kan, àwọn àgùnfọn yìí wà láti Senegal títí dé agbègbè Adágún Chad. Ọ̀dá tó mú ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn ọdẹ, oko tó ń gbilẹ̀, àti igi ìdáná tí wọ́n ń gé lọ tà ní Niamey ló run wọ́n. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n lọ́dún 1996, 49 péré ló ṣẹ́ kù.

Kò sí bí ìjọba ṣe lè kó àwọn ará abúlé kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn torí ẹranko. Nítorí náà, wọ́n bá wọn dúnàádúrà. Wọ́n gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé, wọ́n fún àwọn tí kò bá gé igi tí wọn kò sì dọdẹ àgùnfọn ní ẹ̀yáwó kékeré, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ afinimọ̀nà. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ASGN, tó ń rí sí ààbò àgùnfọn Niger, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Òfin orílẹ̀-èdè náà sì ka pípa àgùnfọn léèwọ̀.

Ó gbéṣẹ́. Iye wọn ti lé ní 600 báyìí. Lọ́dún 2008, àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń tán lọ láyé, ní ewu ńlá ń wu wọ́n. Lọ́dún 2018, ó dín ìpele ewu náà kù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018 yẹn kan náà, wọ́n fi ọkọ̀ kó 8 nínú wọn lọ sí ọgbà Gadabedji, ìrìn tó lé ní 800 kìlómítà, níbi tí àgùnfọn ti dàwátì fún nǹkan bí 50 ọdún. Ìdí ni pé bí gbogbo ẹyin bá wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan, ọjọ́ tí apẹ̀rẹ̀ bá já, gbogbo rẹ̀ ló fọ́.

Àmọ́ ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Àgùnfọn ń wọ oko jẹ ẹ̀wà, ó sì ń na ọrùn jẹ máńgòrò olóko. Ọkọ̀ ń kọ lù wọ́n lójú títì. Àgbẹ̀ tí ẹ̀wà rẹ̀ bá bọ́ sẹ́nu àgùnfọn ń fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ san owó ìtọ́jú ẹranko náà. Owó tí àlejò ń mú wá ló ń mú kí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, àwọn agbébọn pa èèyàn 8 ní Kouré: ọmọ Faransé 6 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́, àti ọmọ Niger 2, ìyẹn awakọ̀ wọn àti afinimọ̀nà. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ àlejò ti já lọ́nà ibẹ̀. Ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀: ẹranko ń pọ̀ sí i, oko ń pàdánù, owó àlejò sì dín kù. Sùúrù àwọn ará abúlé nìkan ni ògiri tó yí àgùnfọn ká.

ỌGBÀ TÍ ODÒ YÀ BÍ LẸ́TÀ W

Ní nǹkan bí 150 kìlómítà sí gúúsù Niamey, Odò Ọya yí kọ́ńkọ́lọ́ bíi lẹ́tà W. Ibẹ̀ ni orúkọ ọgbà ẹranko W ti wá. Niger, Benin àti Burkina Faso ló jọ ni ín. Ọdún 1954 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìjọba, UNESCO sì fi apá ti Niger kún àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 1996. Ilẹ̀ tí ọgbà yìí àti àwọn ọgbà tó so mọ́ ọn ní Benin àti Burkina Faso gbà ni erin ti pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kìnnìún díẹ̀ tó kù fún wa náà wà níbẹ̀. Ìmàdò wà, ìnàkí wà, ẹfọ̀n sì wà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọya, ìyàwó Ṣàngó, tó ń gbé awọ ẹfọ̀n wọ̀, kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́ bó bá rí ẹfọ̀n tó wá mumi létí Odò Ọya.

Ó dùn wá pé àwọn agbébọn ti sọ inú igbó yẹn di ibùba wọn. Ọgbà yìí kì í ṣe ibi tí a lè ní kí ìdílé kankan gbéra lọ báyìí.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ LỌ

• Ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ìjọba ológun ti wà ní Niger láti oṣù Keje ọdún 2023, orílẹ̀-èdè náà sì jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Òfin ẹnubodè lè yí padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú Niger àti lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.
• Láàárín ìlú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti etí odò ló rọrùn jù fún ìdílé. Ẹ má ṣe dá Kouré lọ láìgba àṣẹ àti láìsí afinimọ̀nà, bí àwọn aláṣẹ bá sì ní ibẹ̀ kò ṣe é lọ, ẹ gbà.
• Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ara máa ń tuni, ọyẹ́ sì máa ń fẹ́. Ní oṣù Kẹrin, ooru máa ń ju ìwọ̀n 40 lọ.
• Owó CFA ni wọ́n ń ná. Ẹ mú fìlà àti omi dání, kí ẹ sì wọ aṣọ tó bo ara, nítorí Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀.
• Ẹ má fún ẹranko lóúnjẹ, ẹ má sì pariwo láti mú kó sáré.

Bí àyè kò bá sí láti lọ, ẹ má rò pé ọ̀nà ti dí. Ọgbà ẹranko Old Oyo wà nílẹ̀ Yorùbá, erin sì ṣì wà ní Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Àwọn ibi wọ̀nyí náà ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, tí wọ́n nílò oko, ẹran jíjẹ àti igi ìdáná. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Niger kò lówó jù wọ́n lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan lọ bá a jókòó, ó béèrè ohun tí àgùnfọn ń ná an, wọ́n sì jọ wá bí a ó ṣe san án. Bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ bá ti wáyé ní ìtòsí Lọ́kọ́ja ní 100 ọdún sẹ́yìn, bóyá ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ará Niger ì bá máa wá wo àgùnfọn.