Kí Egungun Ọmọ Tó Gbó

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ń múra fún Lagos City Marathon, eré kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 2016, láti Surulere gba orí Third Mainland Bridge lọ sí Eko Atlantic, kò ní pẹ́ rí ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́mọ mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí rẹ̀ á ti dáa. Afárá tó ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ níjọ́sí, á máa gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ara á yá gágá. Àsìkò yẹn gan-an ni kó ṣọ́ra jù, torí pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ́ eré lára, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so mọ́ ọn, oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń le. Èémí á ti ní ó yá, egungun ò tíì ṣe tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára àwa tí a jọ ń sáré ní kùtùkùtù. Ọmọ náà lókun. Bí a bá ti gbéra báyìí, a ò ní rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Bọ̀ọ̀dá tó ń kọ́ wa á ké sí i pé, “Kí lò ń lé? Bí o ò bá lè máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ bó o ṣe ń sáré, eré yẹn ti pọ̀ jù.” Á rẹ́rìn-ín, á tún lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó jókòó, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju orí ìka lọ. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, gbogbo ojú rẹ̀ á fún pọ̀. Kò mí hẹlẹ rárá. Òógùn gan-an ò tíì bò ó. Ojúgun ló ní òun ò lọ mọ́. Dókítà ní kó sinmi, kò sì bá wa sá eré ọdún yẹn.

Ohun tí mo rí lójúgun yẹn ni mo ń rí nínú ọ̀nà tí a gbà ń ti àwọn ọmọ wa. Ọmọ ń gba ipò kìíní ní pámárì kárùn-ún, kíá, a ti ra fọ́ọ̀mù kọ́mọ́ọ̀n ẹ́ńtíráǹsì, ó fo pámárì kẹfà. Kó tó pé ọdún 15, ó ti ṣe WAEC tán. JAMB wá ní àfi kó pé 16 kó tó lè wọ yunifásítì, làwọn kan lára wa bá gba kọ́ọ̀tù lọ, wọ́n lọ búra pé ọmọ ti dàgbà ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ọmọ náà dúró tì wọ́n, ó ń wò wọ́n.

Kò sẹ́ni tó ní ọmọ yẹn ò lọ́pọlọ. Ṣùgbọ́n ṣé ó lè sọ fún ọ̀rẹ́ pé òun ò bá a lọ? Ṣé ó lè ṣọ́ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ná títí di Sátidé? Bó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ṣé á pe ilé kó sọ ọ́, àbí á fi pamọ́? Ìwọ̀nyí ò sí nínú káàdì èsì ìdánwò. Ọdún ló ń mú wọn wá, àti iṣẹ́ ilé, àti ká jókòó ti ọmọ nígbà tó bá ń rojọ́ tí kò lórí tí kò nídìí.

Mo mọ ohun tó ń lé wa. Owó ilé ìwé ń ga sí i. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń kọ ọ́ sínú ìpolówó pé àwọn ò gba ẹni tó ti dàgbà ju báyìí lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Síbẹ̀, ẹ wo Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó gba góòlù eré 5,000 mítà ní ìdíje àgbáyé ní Paris lọ́dún 2003, tó fi àwọn ìlúmọ̀ọ́ká sárésáré bí El Guerrouj àti Bekele sẹ́yìn. Èémí wo ló tún kù? Ọdún 2013 ló tó sá máratọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, ní Hamburg ní Jámánì, ó sì gbapò kìíní. Òótọ́ ni pé nígbà tí kò rí àyè nínú ikọ̀ Òlíḿpíìkì ọdún 2012 ló kọjú sí eré ojú títì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá tó lò lórí pápá kò ṣòfò: ní 2019, ní Vienna, ó sá kìlómítà 42 náà láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40.

Ìsinmi ńkọ́? Ọjọ́ tí sárésáré ò bá sáré ni egungun ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ọmọ tó kúrò ní kíláàsì, tó bọ́ sí lẹ́sìn títí ilẹ̀ fi ṣú, tó tún lọ lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà wo ni tirẹ̀?

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, mo máa dìde bi àwọn aláṣẹ ilé ìwé pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní pámárì kẹfà tí wọ́n fi ń gbà kí a fò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dìde.