Títúmọ̀ Ọ̀rọ̀ náà 'Submarine'

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀rọ̀ àjèjì tí a fẹ́ túmọ̀. Nínú iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fi èyí hàn mí jù ni 'submarine'.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí i, 'ọkọ̀ ogun abẹ́ omi' ni yóò kọ. Èyí tọ̀nà bí ọ̀rọ̀ ogun bá ni à ń sọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, ti ilẹ̀ Jámánì, ni ó fọ́ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, tí gbogbo wọn sì rì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo orísun ọ̀rọ̀ náà. Nínú èdè Látìn, 'sub' ni abẹ́, 'mare' ni òkun. Ẹ̀yán ni ó kọ́kọ́ jẹ́, fún ohunkóhun tí ó bá wà lábẹ́ òkun. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó di orúkọ ọkọ̀.

Mo ti ka ìdáhùn kan rí tí a ti pe 'submarine cable' ní 'okùn ọkọ̀ abẹ́ omi'. Wáyà abẹ́ òkun ni ìbéèrè ń wí. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni ó so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1886. Nígbà tí mélòó kan nínú wọn sì bàjẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní oṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, iṣẹ́ báńkì sì fara gbá a. Ẹni tí ó bá ka ìtumọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn yóò máa wá ọkọ̀ níbi tí ọkọ̀ kò sí.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, búrẹ́dì gígùn tí a là, tí a fi ẹran àti ewébẹ̀ sí láàárín, ń jẹ́ 'submarine', nítorí pé ó fi ìrísí jọ ọkọ̀ náà. Bí a bá wá kọ ọ́ pé ẹnìkan jẹ ọkọ̀ ogun lọ́sàn-án, ta ni yóò gbà?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ ka gbólóhùn tán kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yán, 'abẹ́ òkun' ti tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ wò ó bóyá ogun ni à ń jà tàbí oúnjẹ ni à ń jẹ. Kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i dáadáa: okùn ni a fi ń di ẹrù, òkun ni omi ńlá.