Bí Aṣọ Ṣe Ń Gbó Láyé Ọjọ́un

Ní Sùúrùlérè tí a dàgbà sí, aṣọ kì í gbó lójijì. Ìmúròde á di aṣọ ọjà, tọjà á di tilé, tilé á di èyí tí a fi ń sùn. Nígbà tó bá wá rọ̀ múlọ́múlọ́ tán, ìyá á fà á ya, á kó o pamọ́ de ọmọ tuntun, nítorí kò sí ìlédìí tó dà bí ìró ìyá àgbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ká fi nulẹ̀.

Ọdún 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wólé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí LEDB, àjọ tó ń rí sí àtúnṣe ìlú Èkó nígbà náà, sì ń kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn wá sí Sùúrùlérè. Inú igbó ni àwọn àgbà ní wọ́n kó wọn sí. Iṣẹ́ àti ọjà wọn ṣì wà ní Èkó, owó ọkọ̀ sì ń gbé èyí tí wọn ìbá fi dáṣọ mì. Abẹ́rẹ́ àwọn ìyá wa ò sinmi.

Ẹ wo kaba ilé-ìwé. Télọ̀ á ti ṣẹ́ etí rẹ̀ sókè dáadáa, bí ọmọ bá ṣe ń ga, wọ́n á máa tú u. Oòrùn àti ọṣẹ á ti mú ara aṣọ ṣí, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú á ṣì máa dán bíi tọjọ́ tí wọ́n rà á. Ẹni tó bá wo àwọn ìlà yẹn lẹ́sẹẹsẹ á mọ̀ pé aṣọ náà ti kọjá lára ẹ̀gbọ́n méjì kó tó kan àbúrò.

Bàtà ńlá ni wọ́n ń rà fún wa, wọ́n á ki bébà sí i níwájú. Tí ẹsẹ̀ bá wá ju bàtà lọ, wọ́n á gé iwájú rẹ̀ kí ọmọ ìka lè yọrí síta. Ní Mushin, mọ̀lá aránbàtà á gbé àpótí rẹ̀ kọ́ èjìká, á máa lù ú kó, kó, kó. Táyà ọkọ̀ ló fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wúwo bí òkúta. Mi ò ní purọ́ pé mo fẹ́ràn ẹ̀.

Aṣọ tó ti mọ ara ènìyàn, a kì í fún ẹni tí a ò mọ̀. Bí àgbà bá kú, àwọn ọmọ ló ń pín in. Ìdí nìyẹn tí òkìrìkà, aṣọ àlòkù tó ń ti òkè òkun wá, fi ba àwọn ìyá wa lẹ́rù: wọ́n ní aṣọ òkú òyìnbó ni. Ẹni tó bá rà á á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti iyọ̀ mọ́jú. Ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé tipẹ́, àmọ́ ẹ lọ sí Yaba lónìí, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ló bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ṣà á. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó nínú ẹ̀ lè wọ́n ju tuntun lọ.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àgbà wo ló tún lákìísà? Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bímọ, mo tú gbogbo àpótí ilé wò, mo ń wá ìró gbígbó. Léèsì le gbagidi, àǹkárá òde àríyá tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ṣì le, ó ń dán. Wọ́n rán ọmọ kan lọ ra Pampers.